Iná Tí Wọ́n Tàn sí Bàbá Onílé Lójú

Ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ o. Èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn; ẹni tí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kì í sábà sí nítòsí.

Ìgbéraga la kọ́kọ́ pè é. Bàbá Onílé wa níbí ní Ìjànìkin, ẹni tó máa ń kí ọmọ ọwọ́ kó tó kí ìyá rẹ̀, ló dédé bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ èèyàn kọjá láìwo ẹnì kan. Èèyàn á kúnlẹ̀ lápá ọ̀tún rẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀ sà," kò ní dáhùn. Kó bọ́ síwájú rẹ̀ gan-an, Bàbá á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Àṣé ìwọ rè é!" Ìyá Alákàrà ní owó ilé tó fi kún un lórí wa ló ń tì í lójú. Ìyá Ìbejì ní rárá, ìyàwó kékeré ló ti fi nǹkan dè é kó má baà rí obìnrin mìíràn. Èmi ò dá sí i. Èèyàn mẹ́ta péré ni mo sọ fún.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá ki ẹsẹ̀ bọ inú abọ́ ẹ̀wà Ìyá Alákàrà ló wá di ariwo. Ẹ̀wà tí wọ́n ti rẹ, tí wọ́n ti bó, tó ku kí wọ́n gbé e lọ síbi ẹ̀rọ. Bàbá ní ta ló gbé abọ́ sójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni abọ́ náà sì ń wà látọjọ́ tí wọ́n ti kan òrùlé ilé yìí. Èyí tó wá pa wá lẹ́nu mọ́ ni pé Bàbá kan náà ló ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Àgbárá, tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fáwọn ọmọ iṣẹ́ téèlọ̀. Ta ló máa gbà pé ojú ló ń ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Owó ló tú àṣírí. Kérésìmesì 2019, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù wá sílé. Aúntí Lọ́ńdọ̀nù la máa ń pè é. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó na ẹńfílọ́ọ̀pù owó sí i. Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ òṣèlú rẹ̀ lọ. Ó tún nà án, Bàbá ò gbà á. Gbogbo wa tá a wà lágbàlá dákẹ́ lọ gbári, nítorí láti ìgbà tí mo ti ń san owó ilé fún bàbá yìí, owó kò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí kó má nawọ́ sí i. Aúntí wá ń fa ẹńfílọ́ọ̀pù náà bọ̀ wá síwájú díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ọ̀kánkán imú Bàbá. Ibẹ̀ ló ti já a gbà. Ọmọ náà bú sẹ́kún. A rò pé inú rẹ̀ ló dùn.

Wọ́n gbé Bàbá lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan láàárín ìlú, mi ò ní dárúkọ, wọ́n wọn ìfúnpá ojú rẹ̀. Wọ́n ní láti 10 dé 21 ló yẹ kó wà. Ojú ọ̀tún Bàbá jẹ́ 29, tòsì jẹ́ 34. Wọ́n ní gulokóómà ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí Aúntí ṣe ṣàlàyé rẹ̀, torí Bùọ̀dá Lẹ́kíṣọ̀ọ̀ ti yàrá kẹta náà ṣàlàyé tirẹ̀, kò yé ẹnikẹ́ni. Omi kan wà nínú ẹyinjú, kì í ṣe omijé o. Inú ojú ló ti ń sun, ojú asẹ́ kan tó wà ní kọ̀rọ̀, níbi tí dúdú ojú ti pàdé funfun rẹ̀, ló sì ń gbà jáde. Ẹ wo gọ́tà ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ wa. Tó bá ń ṣàn, ta ló ń rántí pé ó wà? Tí ìdọ̀tí bá dí i, táwọn ayálégbé ò sì yé wẹ̀, omi á gbéra, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ògiri. Ohun tó ń jẹ nínú ojú ni iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, táá máa bọ̀ wá sáàárín. Irú èyí tó ṣe Bàbá kì í dunni, kì í pọ́n, kì í yún. Ìdí nìyẹn tó fi ń rí ọkọ̀ Àgbárá tí kò sì rí abọ́ ẹ̀wà. Ibi tó bá sì ti jẹ, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn.

Bọ́ọ̀sì ni Bàbá ń wà tẹ́lẹ̀, Máìlì Tú sí Àgbádárìgì, kó tó fẹ̀yìntì. Títì márosẹ̀ yẹn kan náà tí wọ́n ní àwọn ó sọ di ọ̀nà mẹ́wàá, tí rélùwéè á gba àárín rẹ̀ dé Òkòkòmáìkò. (Ọdún 2023 lọkọ̀ ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Máìlì Tú ló sì mọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìntì, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ fọ́. Ó ní àwọn ọlọ́kadà ni. Mo ti sọ nígbà náà pé nǹkan wà níbẹ̀, ẹ bi Ìyá Ìbejì.

Aúntí ní kí a má wulẹ̀ máa wo Bàbá nìkan. Ó ní láàárín 2005 sí 2007, àwọn dókítà rìn ká gbogbo Nàìjíríà, wọ́n ń wo ojú àwọn tó ti pé ogójì ọdún sókè. Nínú ọgọ́rùn-ún, bíi márùn-ún ló ní gulokóómà. Nínú ọgọ́rùn-ún tó sì ní in, àwọn tó mọ̀ pé àwọn ní in kò pé mẹ́fà. Ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ló ti fọ́jú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá Alákàrà bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo wa lórí bẹ́ǹṣì. Mo ní kó má nàka sí mi.

Ọjọ́ yẹn náà la gbọ́ nípa sitẹ́rọ́ìdì. Ẹ mọ àwọn òògùn ojú tí kẹ́míìsì máa ń tà fúnni láìbi wá ní nǹkan kan, èyí tó máa ń mú kí ojú pípọ́n funfun lójú ẹsẹ̀? Òmíràn nínú wọn ní sitẹ́rọ́ìdì nínú. Ẹni tó bá ń kán an lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù lè fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìfúnpá ojú sókè. Ìpara ìbóra tó ní in, téèyàn ń fi kun ìpéǹpéjú lójoojúmọ́, lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo wa ò mọ̀gbà tá a yíjú sí ìyàwó kékeré. Obìnrin náà wọlé, kò sì jáde títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn rí i pé láti oṣù kejì, ojú àti ọrùn rẹ̀ ti ń padà jọ ara wọn.

Òògùn kíkán ni wọ́n kọ́kọ́ fún Bàbá, oríṣi méjì. Timolol, àárọ̀ àti alẹ́. Latanoprost, alẹ́ nìkan, wọ́n sì ní inú fíríìjì ni kó máa wà títí wọn ó fi ṣí i. Fíríìjì, ní Ìjànìkin! Iná tó bá dé láago méjì òru ti lọ kí àkùkọ tó kọ. Kúlà Ìyá Ìbejì ló gba òògùn náà sílé, láàárín sóbò àti píọ̀ wọ́tà. Oníbàárà kan ti mú un rí, ó ní èló ni ti kékeré yìí.

Bàbá kì í sì í kán an déédéé, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ọjọ́ tí ojú ò bá ṣe é ní nǹkan kan, á ní kí òun tọ́jú rẹ̀ kó lè pẹ́. Ojú náà ò sì ṣe é ní nǹkan kan rí! Ọjọ́ tó bá rántí, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ìdajì á bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyá Alákàrà tún wá fẹ́ tọrọ díẹ̀ nínú timolol, ó ní ojú òun náà ń ṣe bàìbàì. Obìnrin tó ní ikọ́ fée! Aúntí pariwo láti Lọ́ńdọ̀nù pé kó má dán an wò, òògùn yẹn lè sé èémí mọ́ irú rẹ̀ nínú. Ìyá Alákàrà ní ẹ gbà mí, ahun ni wọ́n ń ṣe.

Ó di ìparí 2021 kí Aúntí tó fi ohùn gígùn kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bàbá kì í fi fóònù setí, ó máa ń tú ohùn rẹ̀ síta ni, nítorí náà gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. (Mo sún mọ́ fèrèsé díẹ̀, torí ooru.) Ó ní kí Bàbá lọ ṣe léésà. Wọn ò ní la ojú, wọn ò ní gbẹ́ gọ́tà tuntun. Iná kékeré kan ni wọ́n á máa tàn mọ́ àwọn ṣẹ́ẹ̀lì dúdú inú asẹ́ yẹn. Kò ní sun asẹ́ fúnra rẹ̀. Ara ló máa rán àwọn agbálẹ̀ tirẹ̀ wá palẹ̀ ibẹ̀ mọ́, omi á wá rọ́nà gbà. Ó ní ní ìlú Ọba, dókítà kan tó ń jẹ́ Gus Gazzard, ní ilé ìwòsàn Moorfields, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó èèyàn 718 jọ láàárín 2012 sí 2014, tí ẹnikẹ́ni ò tíì tọ́jú ojú wọn rí. Wọ́n tan iná sójú àwọn kan, wọ́n kán òògùn sójú àwọn yòókù. Nígbà tó pé ọdún mẹ́ta, bíi 74 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn oníná ni kò kán òògùn kankan, tí ìfúnpá ojú wọn sì wà níbi tí dókítà fẹ́ kó wà. Ọdún 2019 ni wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde.

Bàbá dá ohùn náà dúró. Ó ní, "Òyìnbó nìyẹn. Ojú àwa ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ gidi kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu Bàbá lọ́dún yẹn nìyẹn, torí gulokóómà máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó sì máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aúntí ní wọ́n ti bi í ṣáájú rẹ̀. Ní ìlú Moshi ní Tanzania, nísàlẹ̀ òkè Kilimanjaro, wọ́n mú èèyàn 201 tí ìfúnpá ojú wọn ga, wọ́n pín wọn sí iná àti timolol. Lọ́dún 2021 yẹn gan-an ni àbájáde rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ọdún kan, ojú 61 nínú ọgọ́rùn-ún ni iná ṣiṣẹ́ fún. Timolol ṣiṣẹ́ fún 31. Wọ́n tún iná náà tàn fáwọn kan kó tó rí bẹ́ẹ̀ o.

Ìyá Ìbejì ní 61 kéré. Ó ní wòlíì tó wà nítòsí ọjà ń fi omi àdúrà ṣan ojú, kò sì sẹ́ni tí kì í rí ìwòsàn níbẹ̀. Èmi ò bá wòlíì jà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi í wò: mélòó ni kò ṣiṣẹ́ fún? Kò kà wọ́n rí. Ẹni tó bá sọ fún mi pé 39 nínú ọgọ́rùn-ún ò rọ́nà gbé e gbà, òun ni mo máa gbà gbọ́ lórí 61 tó kù.

Bùọ̀dá Lẹ́kíṣọ̀ọ̀ náà dá sí i. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti ń kọ́ni, Adeniran Ogunsanya, di yunifásítì ẹ̀kọ́ ìmọ̀-olùkọ́ ní 2022, láti ìgbà náà kò sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa mọ́, àga ló ń gbé jáde. Ó ní léésà ojú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ní láti 1979 ni Wise àti Witter ti ń fi ti àtijọ́ tọ́jú gulokóómà, ṣùgbọ́n jíjó ni tiyẹn ń jó asẹ́, á fi àpá sílẹ̀, kò sì rọrùn láti padà síbẹ̀. Mark Latina ní Amẹ́ríkà ló gbé èyí tó rọra ń ṣe é jáde ní 1995, èyí tí wọ́n lè tún ṣe. Mo rò pé ó ti parí, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ìtànṣán rẹ̀ ṣe gùn tó. Èmi lọ sọ iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ 2022, Bàbá gbà láti lọ. Oṣù kìíní ọdún náà ni àjọ NICE, tó ń là á sílẹ̀ fáwọn dókítà ìlú Ọba bí wọ́n ṣe máa tọ́jú èèyàn, ní iná yìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi lọ aláìsàn kó tó kan òògùn kíkán. Bàbá ò mọ NICE. Ó ti gbà pé iṣẹ́ abẹ ni. Kò fi nǹkan kan kan ẹnu láti alẹ́, ó ra pìjámà tuntun, ó pe àkọ́bí rẹ̀ sínú yàrá, ó fi ibi tí ìwé ilẹ̀ wà hàn án. Ìyàálé ń sunkún, ìyàwó kékeré náà ń sunkún, ó ku ọ̀kan kó mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà.

Wọ́n kán òògùn apàmọ̀lára sí i lójú, wọ́n ní kó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, wọ́n fi gíláàsì kékeré kan kan ẹyinjú rẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé ń kọ mọ̀nà, mọ̀nà, bí ìgbà ọgọ́rùn-ún. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà ni yóò ṣiṣẹ́. Inú bí Bàbá. Ó ní ṣé nítorí èyí lòun ṣe san gbogbo owó yẹn, wọn ò tilẹ̀ fi báńdéèjì kankan dè é tí èèyàn á fi mọ̀ pé òun ti ilé ìwòsàn bọ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìbà gbà á lásìkò ju léésà lọ.

Ìfúnpá ojú rẹ̀ wálẹ̀, ọ̀tún 17, òsì 19. Wọ́n ní kó dá òògùn dúró. Bàbá pa ewúrẹ́. Mo jẹ níbẹ̀, ẹran ò jinná tán. Ó dìde, ó ní ojú òun ti padà sí ti ọmọ ogún ọdún. Lọ́sẹ̀ kejì, abọ́ ẹ̀wà Ìyá Alákàrà tún dànù.

Ariwo tó sọ níjọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ ní ọgbà Federal Government College! Ìwòsàn wo, ewúrẹ́ wo? Aúntí ní láti tún un ṣàlàyé láti òkèèrè: iná náà kò dá èyí tó ti lọ padà, èyí tó kù ló ń ṣọ́. Ìyá Alákàrà ní kí wọ́n kúkú wá ṣọ́ ẹ̀wà òun náà.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe yí nígbà tó di 2023. Náírà wó, owó òògùn ojú gbéra. Bàbá Téèlọ̀, tí òun náà ní gulokóómà, ló ń ra timolol bí ẹni ń ra wúrà. Bàbá Onílé á sì gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á bi í pé, "Èló lo tún rà á lóṣù yìí?" Ìwà burúkú ni, ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ pé irọ́ ló ń pa. Ọdún yẹn náà làwọn ará Moorfields gbé ìròyìn ọdún mẹ́fà jáde: bíi 70 nínú ọgọ́rùn-ún ojú tí wọ́n tan iná sí ṣì wà níbi tó yẹ láìsí òògùn, láìsí iṣẹ́ abẹ. Ojú tí àìsàn náà ń burú sí i jẹ́ bíi 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ àwọn oníná. Lọ́dọ̀ àwọn olóògùn, bíi 27. Iye ojú tí wọ́n ní láti là, kì í ṣe nínú ọgọ́rùn-ún o, 13 lọ́dọ̀ oníná, 32 lọ́dọ̀ olóògùn. Bàbá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé fún òun, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, lábẹ́ ibi tó kọ "Owó ilé ò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ karùn-ún" sí.

Ohun tí kò fi ojú rere kà níbẹ̀ ni 30 tó kù. Kò gbà pé òun lè wà lára wọn. Àyẹ̀wò tí wọ́n ní kó máa lọ ṣe, ó lọ lọ́dún àkọ́kọ́, ó lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kejì, ó bá fi mọ bẹ́ẹ̀. Kí ló fẹ́ lọ ṣe? Kò sí ohun tó ń dùn ún. Ọ̀rọ̀ tó sì pa á lára gan-an nìyí, torí ojú tí agbára iná ti tán lára rẹ̀ kì í ké. Nígbà tí Aúntí wá sílé ní 2025, tó wọ́ ọ lọ tipátipá, ọ̀tún ṣì jẹ́ 18, òsì ti padà di 27.

Wọ́n tún iná tàn sí ti òsì. Ó wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò wálẹ̀ tó ti àkọ́kọ́, wọ́n bá fi latanoprost kún un, ẹ̀kán kan lálẹ́. Kúlà Ìyá Ìbejì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá Téèlọ̀ rẹ́rìn-ín títí aṣọ oníbàárà fi jóná lábẹ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó ní ṣe bí ẹ ní ó ṣiṣẹ́, kí ló dé tí wọ́n ń tún un ṣe? Mo dá a lóhùn, torí ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú. Mo ní ó lé ní ọdún mẹ́ta tí ojú òsì fi jẹ ìgbádùn láìkán òògùn, ọ̀tún ṣì ń jẹ tirẹ̀ lọ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Kó ṣírò iye tí òun ti kó fún kẹ́míìsì láàárín ìgbà náà. Ó ṣí ẹnu, kò rí ohun tó máa sọ. Mo gbọ́ pé ó ti béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́wọ́ ìyàálé, ní bòókẹ́lẹ́.

Ó ku ohun tí mo tìtorí rẹ̀ pè yín. Dókítà ní àwọn ọmọ Bàbá gbọ́dọ̀ wá yẹ ojú wò, torí gulokóómà máa ń rìn nínú ẹbí. Bàbá ránṣẹ́ pè wọ́n, ó ní kí wọ́n pé jọ ní àárọ̀ Sátidé. Ọmọ márùn-ún la mọ̀. Wọ́n ti yẹ ojú Aúntí wò ní tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ku mẹ́rin. Mẹ́rin dé. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń já ẹ̀fọ́, mo kà wọ́n. Ìgbà yẹn ni ọ̀kadà kan já ọkùnrin kan sílẹ̀, yóò tó ẹni ogójì ọdún, ó ní Àjárá lòun ti ń bọ̀. Ègùn ló fi kí wa kó tó yí i sí Yorùbá. Etí rẹ̀, etí Bàbá. Ìrìn rẹ̀, ìrìn Bàbá. Ó ní bàbá òun ló ránṣẹ́ pe òun.

Ẹ̀fọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Nínú gbogbo wọn, ará Àjárá nìkan ni ìfúnpá ojú rẹ̀ ga. Ìyá Alákàrà ní ẹ̀rí wo la tún ń wá? Aúntí ní lórí fóònù pé gulokóómà kì í ṣe ẹ̀rí ẹni tó bímọ, pé ẹni tí bàbá rẹ̀ ò ní in náà lè ní in. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ní ti ojú ọkùnrin náà ṣá, oríire ló ṣe, wọ́n tètè rí i, iṣan ojú rẹ̀ ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tan iná sí i, kó tó mọ bí òògùn kíkán ṣe ń rí.

Ìyàálé ò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó gbé àga rẹ̀ síwájú Bàbá gan-an, níbi tí kò ti ní lè sọ pé òun ò rí i, ó bi í pé láti Máìlì Tú dé Àgbádárìgì, ibùdókọ̀ mélòó ni bọ́ọ̀sì rẹ̀ máa ń dúró sí nígbà náà. Bàbá ní ojú ń dun òun.